Àga Tí Wọn Ò Lè Gbà

Ó ti san án. Ó ti san án kẹ̀! Ó jókòó tì mí níbí, ó ń fi ìka gbọn ìyẹ̀fun tí ò sí níbẹ̀ kúrò lára ṣòkòtò ẹ̀, inú ẹ̀ ń dùn, ó ti san án... Nínú gbogbo èèyàn tó wà lókè eèpẹ̀ tó lè sanwó fún. Nínú gbogbo àárọ̀ tí Ọlọ́run dá tó lè là á fún mi —

"Ẹ fọkàn balẹ̀, lọ́yà. Ti màmá yín ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo ti san án tipẹ́."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Bí ẹni tó ń gbé ẹ̀bùn léni lọ́wọ́. Ó tiẹ̀ fi ìgúnpá gbún mi níhà nígbà tó sọ ọ́ tán, gbún, pé àwa la mọ̀. Mo sì rẹ́rìn-ín. Kí ni mi ò bá ṣe? Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi rín. Tèmi tún wá burú jùyẹn lọ: kí ọ̀rọ̀ tó dé ìdí ẹkún rárá ni mo ti máa ń rín tèmi sílẹ̀ dè é.

Ẹ̀rín náà dà báyìí?

Ó dáa. Ó dáa, ìwọ lọ́yà yìí, fara balẹ̀. Mí síta. Ẹjọ́ kan ló kù kó kàn wá. Obìnrin aránṣọ tó wọlé lẹ́ẹ̀kan ò tíì jáde. Bó bá jáde, akọ̀wé kóòtù á yọrí síta, á pè wá, oníbúrẹ́dì mi á lọ gbọ́wọ́ sókè, á búra pé gbogbo ohun tóun ní àti gbogbo owó tóun ná lòun ti sọ fún kóòtù. Lẹ́yìn náà ni adájọ́ á pinnu bóyá kóun tú u sílẹ̀ lọ́wọ́ gbèsè, tàbí kóun jẹ́ kó gbé e délé ikú. Ohun tá a wá ṣe níbí nìyẹn. Ohun tí mo ti ń palẹ̀ ẹ̀ mọ́ láti ìgbà òjò èṣí nìyẹn. Ó sì ti san ti ìyá mi.

Bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù yìí le bí ọkàn ayánilówó. Ọ̀dà eléérú ni wọ́n fi kun ògiri dé ìdajì, òkè ẹ̀ funfun, ibi tí àwọn onígbèsè máa ń forí tì sí ti dúdú kọ́rọ́kọ́rọ́. Mo ti fi ibẹ̀ ṣàwàdà títí: mo ní bí kóòtù bá fẹ́ mọ iye èèyàn tí gbèsè ti dá lágara, kí wọ́n kàn wá fọ òróró orí tó wà lára ògiri yìí sínú garawa, kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Gbogbo wọn ló máa ń rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ mi nìyẹn, àbí? Kí n dẹ́rìn-ín pa wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn, kí n sì bá wọn bẹ òfin pé kó fà wọ́n yọ nínú kòtò. Àwọn ará àdúgbò ń pè mí ní Lọ́yà Gbèsè-Tán. Ó máa ń dùn mọ́ mi tí mo bá gbọ́ ọ.

Búrẹ́dì tó mú wá fún mi wà lórí itan mi. Ó ṣì gbóná. Ààrò ẹlòmíì ló lọ tọrọ láàárọ̀ yìí kó tó lè ṣe é. "Lọ́yà ò gbọdọ̀ fi ebi wọ kóòtù nítorí tèmi." Ọkùnrin yìí! Ọkùnrin yìí fẹ́ fi ọmọlúàbí pa mí.

Jẹ́ kí n tún un rò. Díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún oníbàárà. Ẹ gbọ́, bàbá: ọjọ́ tí èèyàn bá ti mọ̀ pé òun ò lè san gbèsè òun tán mọ́, owó tó bá wọ ọwọ́ ẹ̀ kì í ṣe tiẹ̀ mọ́. Ti gbogbo àwọn tó jẹ lówó ni, gbogbo wọn pátá, bákan náà. Kò gbọdọ̀ ṣa ẹnì kan mú láàárín wọn kó san tiẹ̀ pé, kó wá ní kí àwọn yòókù lọ máa gbàdúrà. Bó bá ṣe é, kóòtù á lọ gba owó yẹn padà lọ́wọ́ onítọ̀hún, wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ tàwọn yòókù, wọ́n á pín in. Bó bá sì búra pé òun ò ṣe é, tí wọ́n wá rí i pé ó ṣe é... Ó parí nìyẹn. Kò sí ìtúsílẹ̀. Gbèsè á wọlé tọ̀ ọ́, á jókòó, á tún bọ́ bàtà.

Mo sì sọ fún un! Mo sọ fún un, ojú mi ò fọ́, ẹnu mi ò dí. Mo ní, "Bàbá, ẹ má lọ san ti àna yín kẹ́ ẹ wá máa wo àwa yòókù bí ẹni ń wo fíìmù o." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kóun rí irú àna bẹ́ẹ̀. Ó wá lọ sílé, ó yẹ ara ẹ̀ wò, ó rí i pé òun ò jẹ àna kankan lówó, ọkàn ẹ̀ balẹ̀. Ó kọjá sọ́dọ̀ màmá mi, ó san tiẹ̀.

Àwàdà. Àwàdà ni mo fi kọ́ ọ lófin.

Ta ló tiẹ̀ mọ̀ pé ó jẹ màmá mi? Ṣé èmi mọ̀ ni? Lóòótọ́, fúláwà ni màmá mi ń tà, ọkùnrin yìí sì ń ṣe búrẹ́dì; ọmọdé tí ò tíì lè ka nǹkan á ti mọ̀ pé wọ́n á jọ ní nǹkan kan pọ̀. Mo bi í. Mo ní ta lẹ ń ra fúláwà lọ́wọ́ ẹ̀? Ó ní, "Ọ̀pọ̀ èèyàn ni." Ó wo ilẹ̀. Mo bi màmá mi pẹ̀lú. Wọ́n ní, "Oníbúrẹ́dì yẹn? Èèyàn dáadáa ni. Ràn án lọ́wọ́ o, ọkọ mi." Àwọn méjèèjì jọ gbé e pamọ́ fún mi bí ìgbà téèyàn ń gbé oògùn kíkorò pamọ́ fún ọmọ kékeré. Àwìn ni màmá mi ń gbé fún un, àpò lórí àpò, nígbà tí gbogbo olùtà yòókù ti ní kó má dé ọ̀dọ̀ àwọn mọ́. Bó ṣe wà gan-an nìyẹn. Ó sì ti sọ ìdí tó fi san án fún mi lẹ́ẹ̀kan, lórí bẹ́ǹṣì yìí, ojú ẹ̀ mọ́lẹ̀ yòò:

"Kẹ́ ẹ máa gbẹnu sọ fún mi níwájú adájọ́, kí n wá máa jẹ ìyá tó bí yín lówó? Ojú wo ni mo fẹ́ máa fi wò yín? Ó tì o. Mo ti kọ́kọ́ tún iwájú yín ṣe."

Ó ti tún iwájú mi ṣe. Kò ríran rí ẹ̀yìn mi.

Mo fẹ́ bínú sí i, inú ò bí mi. Kí lèèyàn fẹ́ wí? Ọkùnrin tí apá ẹ̀ kún fún ojú àpá iná ààrò, tẹ̀léra-tẹ̀léra bí ìlà ìwé ọmọ iléèwé. Ó yáwó ra ààrò ńlá. Ààrò ńlá kú lójijì. Ó yáwó lórí fóònù kó lè tún ààrò ṣe; ó yáwó níbòmíì kó lè san ti orí fóònù. Bó ṣe ń ṣe gbogbo wọn nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń fò sínú kànga gbèsè o. Àkàbà ni wọ́n ń gbà sọ̀ kalẹ̀, àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ló sì ń dà bí ọgbọ́n lójú wọn. Nígbà tí kò rí i san mọ́, àwọn ayánilówó orí fóònù fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n. Dókítà eyín ẹ̀ rí i. Ẹni tó ń tún bàtà ẹ̀ ṣe rí i. *Ẹ bá wa kìlọ̀ fún olè yìí.* Ọmọ ẹ̀ obìnrin tó wà nílé ọkọ ò gbé fóònù ẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá sí ọ́fíìsì mi, ó kọ̀, kò jókòó. Fìlà lọ́wọ́, ó dúró bí ẹni tí wọ́n ní kó wá jẹ́wọ́. Mo wá ṣe èyí tí mo máa ń ṣe fún gbogbo wọn. Àga aláwọ pupa kan wà lọ́fíìsì mi, ọ̀kan ṣoṣo tó dáa tí mo ní, iwájú tábìlì ni mo gbé e sí fún wọn. Èmi fúnra mi ń jókòó lórí èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú. Mo ní, "Ẹ jókòó, bàbá. Ẹ fẹ̀yìn tì í dáadáa. Nínú gbogbo àga tó wà láyé yìí, èyí nìkan ni wọn ò lè gbà."

Kò sí onígbèsè tí kì í rẹ́rìn-ín síyẹn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á jókòó, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó jókòó. Ó wá sọ fún mi pé lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, tóun bá ti dé orí afárá, òun máa ń dúró. Òun ò mọ ohun tóun ń dúró wò. Omi ni, ó ní. Omi lásán.

Mi ò rí àwàdà kankan ṣe sí ìyẹn.

Ìyẹn ni pé tí ọ̀rọ̀ yìí bá bàjẹ́ lónìí... Rárá. Má rò ó débẹ̀. Tí wọ́n bá tú u sílẹ̀, òfin ò ní gba irin iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀: tábìlì tó fi ń po ìyẹ̀fun, agolo búrẹ́dì ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì. Á tún bẹ̀rẹ̀. Kékeré, àmọ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Tí wọn ò bá tú u sílẹ̀ — afárá yẹn ò jìnnà síbí. Ibẹ̀ ló máa gbà délé.

Nítorí náà, kí la máa ṣe? Ọ̀nà méjì. Èkíní: kí n dákẹ́. Kí n fọwọ́ kàn án lẹ́sẹ̀ pé bàbá, ọ̀rọ̀ màmá mi yẹn, ẹ gbé e mì. Ta ló máa mọ̀? Màmá mi ò ní sọ. Òun ò ní sọ. Èmi...

Ajá-Ọdẹ á mọ̀.

Ó wà lọ́hùn-ún, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, lọ́yà àwọn ayánilówó. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí imú ẹ̀. Bàtà ẹ̀ máa ń ké fíì-fíì-fíì tó bá ń rìn, bíi pé eku wà nínú ẹ̀, àmọ́ òun gan-an ló ń dọdẹ eku. Ìbéèrè kan wà tí kì í gbàgbé, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi máa ń bi wọ́n, bíi dókítà tó ń béèrè ibi tó ń dunni: "Ǹjẹ́ ẹnì kan wà tẹ́ ẹ sanwó fún lẹ́nu àìpẹ́ yìí, bàbá? Ọ̀rẹ́, ẹbí, ará àdúgbò?" Oníbúrẹ́dì mi ò sì mọ irọ́ pa. Tó bá fẹ́ purọ́, etí ẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń gbọ́, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Á ní rárá, etí á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ajá-Ọdẹ á gbóòórùn. Ó parí.

Ọ̀nà kejì: kí n sọ ọ́. Kó tó búra. Ohun téèyàn bá fẹnu ara ẹ̀ sọ kó tó búra, àṣìṣe ni wọ́n ń pè é. Tó bá di lẹ́yìn ìbúra, irọ́ ni. Adájọ́ wa yìí máa ń dárí àṣìṣe jini. Mo ti rí i. Kò sí irọ́ tó dárí ẹ̀ ji ẹnikẹ́ni rí. Nítorí náà kí n dìde, kí n ní, adájọ́, ẹ jọ̀ọ́, ó san gbèsè ẹnì kan ṣáájú àwọn yòókù, kò mọ̀ pé kò dáa. Adájọ́ á ní ta ni? Màá ní — ìyá mi.

Ìyá mi! Nínú kóòtù tó kún fọ́fọ́. Ajá-Ọdẹ á yíjú, á wò mí tìyanu-tìyanu. Wọ́n á ní kí n fi ẹjọ́ sílẹ̀ fún lọ́yà míì, ìyẹn ló kéré jù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rán ẹni tí kóòtù yàn láti máa pín ohun ìní onígbèsè, á gbé báàgì ẹ̀ há abíyá, á lọ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù obìnrin tó ti dàgbà, láàárín àwọn àpò fúláwà: màmá, ẹ dá owó padà. Nítorí ohun tí ọmọ yín sọ. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà, mo mọ̀. Àmọ́ wọn ò sọ fún mi pé èmi náà ni màá ju òkò ọ̀hún.

Mo sì pè wọ́n. Lẹ́ẹ̀kan tí mo ní mo fẹ́ lọ ṣe gáá, ẹ̀yìn ilé ni mo wà, mo ń pe màmá mi.

"Màmá, oníbúrẹ́dì fún yín lówó?"

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí ìyá ẹni láàárọ̀ nìyẹn?"

"Ẹ káàárọ̀ màmá. Ó fún yín lówó?"

"Kò fún mi lówó. Gbèsè ẹ̀ ló san. Àwọn tí ò fẹ́ sanwó lò ń gbè lẹ́yìn láti àárọ̀ dalẹ́, ẹyọ ẹnì kan tó wá sanwó, òun ló di ọ̀ràn?"

"Owó náà dà?"

"Owó kì í jókòó, ọkọ mi. Mo ti ná an."

"Kí lẹ fi ṣe?"

"Ohun tí ìyá ń fowó ṣe."

"Màmá, kóòtù lè ní kí wọ́n wá gbà á padà o."

Mo gbọ́ tí wọ́n ń lu ọwọ́ méjèèjì pọ̀ kí ìyẹ̀fun lè gbọ̀n dànù. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín mi gan-an, ibẹ̀ ni mo ti jogún ẹ̀. "Lọ́wọ́ ta ni wọ́n á ti gbà á?" Wọ́n sì pa fóònù.

Lọ́wọ́ ta ni wọ́n á ti gbà á. Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Lọ́wọ́ yín ni, màmá! Lọ́wọ́ yín funfun báláú yẹn, tó jẹ́ pé nígbà tí mo wà ní kékeré, tẹ́ ẹ bá gbá mi létí láàárọ̀, gbogbo kíláàsì á mọ̀. Ìka márùn-ún gbalaja, funfun, lójú mi. "Ìyá ẹ tún ti kọ̀wé sí ẹ lójú," ohun tí wọ́n máa ń wí nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ó jọ pé ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ti ná an. Sórí kí ni? Kì í ṣe owó tí wọ́n fi ń ra iyọ̀ o. Oníbúrẹ́dì ní àwọn àbúrò òun ló dáwó ọ̀hún jọ fún òun kí ebi má bàa pa òun. Èèyàn lè fi san owó ṣọ́ọ̀bù ọdún kan gbáko. Kí wá ni màmá mi fi ṣe? Òrùlé ṣọ́ọ̀bù wọn ṣì ń jò; mo débẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, abọ́ wà nílẹ̀ tí wọ́n fi ń gbe omi. Gíláàsì ojú wọn, òwú ni wọ́n ṣì fi so ó. Àpò fúláwà ò pọ̀ sí i, ó tiẹ̀ dín kù ni. Bàtà wọn... ta ló ń wo bàtà ìyá ẹ̀? Mo wò ó. Bàtà àtijọ́ ni.

Àbúrò mi obìnrin ni. Kò sí ẹlòmíì. Ọkọ ẹ̀ ló tún wá pẹ̀lú òwò tuntun ẹ̀, adìẹ, tàbí bàtà, tàbí kí ló tún pè é lọ́tẹ̀ yìí, ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún màmá, màmá sì kó owó fún un. Àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé kí wọ́n ṣáà máa fa ìyá wọn lọ́mú títí irun á fi funfun lórí wọn. Ojú ò tì wọ́n. Èèyàn dàgbà tán, kò lè dá gbọ́ bùkátà ara ẹ̀, ìyá arúgbó ló ń — màá sọ fún un. Bí mo bá délé lónìí, màá sọ ọ́ sí i lójú. Èmi, ìgbà wo ni mo ti tọrọ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ màmá? Tèmi le, èmi náà ń jẹ gbèsè owó ọ́fíìsì ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, tí láńlọ́ọ̀dù fi ìbínú ti ilẹ̀kùn mi pa. Ta ni mo sá lọ bá? Kò sí. Ẹnu mi ni mo fi ṣí i.

Ìyẹn ni kí n rántí. Kí n rántí ìyẹn, kí ọkàn mi lè le díẹ̀.

Bàbá Tíṣà, láńlọ́ọ̀dù mi. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ọjọ́ pẹ́. Mo dé ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ kan, àgádágodo tó tó orí ọmọ tuntun ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn mi. Mo lọ bá bàbá nílé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ ti mí mọ́ta o. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ yín bá ń bá ara wọn jà lórí ilé yìí, ta ló máa gbà yín sílẹ̀? Ẹ̀yin lẹ máa wá máa bẹ àgádágodo." Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Kò ṣèlérí nǹkan kan. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo débẹ̀, àgádágodo ti ṣí, ó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Láti ìgbà náà, bàbá ò béèrè owó mọ́. Àwàdà kan ṣoṣo! Kò sí ọ̀rẹ́ mi tí kò tíì gbọ́ ọ. Lọ́yà tó fi ẹ̀rín ṣí àgádágodo. Mo máa ń fi parí rẹ̀ pé ṣọ́ọ̀kì bàbá gan-an ṣì wà lára ẹ̀, funfun, bó ṣe fi ìka mú un, tíṣà ni tíṣà ń jẹ́...

Ṣọ́ọ̀kì.

Bàbá ti fẹ̀yìn tì ọjọ́ pẹ́.

Kí ni tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì fẹ́ fi ṣọ́ọ̀kì ṣe?

Dúró. Dúró ná. Ó lè jẹ́ pé... ó lè máa kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀ nílé. Ó lè jẹ́ eruku ògiri. Eruku ògiri kì í ní ìka márùn-ún. Mo rí i, mo gbé àgádágodo yẹn lọ́wọ́, mo fẹnu fẹ́ ẹ dànù. Ó fẹ́lẹ́, ó rọ̀ bí àtíkè. Ṣọ́ọ̀kì kì í rọ̀ bẹ́ẹ̀. Fúláwà ló ń rọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ bá mi kí màmá o, lọ́yà." Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tá a pàdé lójú ọ̀nà. "Ẹ ní ìyá. Ẹ má fi wọ́n ṣeré." Mo ní lọ́kàn mi pé ó ní láti jẹ́ pé fúláwà ló lọ rà. Bàbá tí dókítà ti ka búrẹ́dì léèwọ̀ fún! Bàbá tí ilé ẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù màmá mi jìnnà síra! Ibo ló ti wá mọ ìyá mi? Kí ni wọ́n rí ara wọn fún, bí kò ṣe...

*Lọ́wọ́ ta ni wọ́n á ti gbà á?*

Lọ́wọ́ mi.

Màmá, lọ́wọ́ mi. Ohun tẹ́ ẹ ń sọ nìyẹn. Ohun tí ẹ fi rẹ́rìn-ín nìyẹn. Owó tí wọ́n dá jọ kí ebi má pa oníbúrẹ́dì, oníbúrẹ́dì gbé e wá fún yín kó má bàa jẹ ìyá lọ́yà ẹ̀ lówó. Ẹ̀yin gbé e fún Bàbá Tíṣà kí lọ́yà má bàa pàdánù ọ́fíìsì. Lọ́yà jókòó sínú ọ́fíìsì, ó ń sọ fún oníbúrẹ́dì pé kó fẹ̀yìn tì í dáadáa. Orí owó ara ẹ̀ ni oníbúrẹ́dì jókòó lé. Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Inú ṣọ́ọ̀bù ni ìyá mi wà, wọ́n ń fi abọ́ gbe omi òjò.

Nínú gbogbo àga tó wà láyé yìí.

Mo ti ń bú àbúrò mi. Àbúrò mi tí ò ṣe nǹkan kan. Ọkọ ẹ̀ àti adìẹ ẹ̀... Ta ló dàgbà tán tí ò lè gbọ́ bùkátà ara ẹ̀? Ta ló ń fa ọmú? Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀, wọ́n ti ń sọ ọ́ kí wọ́n tó bí mi. Mo rò pé àwọn ọ̀bẹ yòókù ni wọ́n ń bá wí.

Kí ni ohun tí ń gbóná lẹ́yìn etí mi yìí? Wọ́n máa ń sọ fún mi, àwọn oníbàárà mi. "Ó máa ń gbóná lẹ́yìn etí, lọ́yà, tí fóònù bá ti dún." Mo máa ń ní kí wọ́n fi omi tútù sí i. Báyìí ló ṣe ń ṣe wọ́n? Báyìí gan-an? Téèyàn á fẹ́ kí ilẹ̀ lanu, tí ilẹ̀ ò ní lanu, tí èèyàn á wá máa wo bàtà ara ẹ̀ bíi pé ó fẹ́ rà á...

Ó ń wò mí. Oníbúrẹ́dì ń wò mí. Ó ti rí i pé mi ò jẹ búrẹ́dì yẹn. Ó rọra ti ọwọ́ mi sókè, pẹ̀lú búrẹ́dì nínú ẹ̀, bí ẹni tó ń fún aláìsàn lóúnjẹ. Etí ẹ̀ ò pọ́n. Ara ẹ̀ balẹ̀. Kò fi nǹkan kan pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, àfi èyí tó rò pé oore ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń sọ fún wọn kí wọ́n tó wọlé lọ búra. Ọ̀kan ṣoṣo tí mi ò fi ṣàwàdà rí. *Gbèsè tẹ́ ẹ jẹ kọ́ ló ń pa èèyàn. Ohun tẹ́ ẹ bá fi pamọ́ ni.* Mo máa ń sọ ọ́ gbogbo ìgbà, mo máa ń fọwọ́ tẹ èjìká wọn. Mo rò pé àwọn ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Kí ni mo ní? Jẹ́ kí n wò ó bí mo ṣe máa ń wò ó fún wọn, láìsí ìtìjú. Tábìlì kan. Àwọn ìwé òfin tí mo rà ní àlòkù. Àga kan tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrú. Àga aláwọ pupa kan. Ilé tí mo ń gbé, kì í ṣe tèmi. Bí mo bá bẹ Bàbá Tíṣà pé kó dá owó padà, á dá àgádágodo padà pẹ̀lú ẹ̀. Bó bá kọ̀, màá ta àwọn nǹkan yẹn, màá fi rọ́pò. Bóyá ó máa tó. Bóyá kò ní tó. Wọn ò gbọdọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù màmá mi, ìyẹn ni mo mọ̀. Èmi ni kí wọ́n wá bá. Màá sọ fún adájọ́ pé owó náà ò dúró lọ́dọ̀ ìyá mi, ó kàn gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá ni. Ọ̀dọ̀ mi ló sùn.

Lọ́yà Gbèsè-Tán. Há.

Ilẹ̀kùn ti ṣí. Obìnrin aránṣọ ti jáde, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ti tú u sílẹ̀. Ajá-Ọdẹ ti kúrò nídìí fèrèsé, fíì-fíì-fíì. Akọ̀wé kóòtù yọrí, ẹnu ẹ̀ ń mì, àwa ló ń pè. Oníbúrẹ́dì bọ́ fìlà. Ó gbọn èèrún búrẹ́dì kúrò lára ẹ̀wù dúdú mi, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń múra ọmọ ẹ̀ fún iléèwé, ó sì ń wojú mi, ó ń dúró de àpárá tí mo máa ń dá lẹ́nu ilẹ̀kùn yìí kí ẹ̀rù lè lọ. Wọ́n ti sọ fún un pé mo máa ń dá a. Gbogbo wọn ló máa ń sọ ọ́ fún ara wọn.

Mo lanu.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo dìde. Bẹ́ǹṣì kóòtù ni, kì í ṣe tèmi. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí n ti ibi yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń dìde kúrò lórí àga tí kì í ṣe tẹni. Ó wúwo ju bí mo ṣe máa ń sọ fún wọn lọ.